Bí Lẹ́tà Bá Sanra, Kí Àmì Rẹ̀ Bá A Lọ

Nígbà tí ìyá tó bí bàbá mi kú, ilé ìtẹ̀wé kan ládùúgbò wa ní Ìjokù ni a gbé iṣẹ́ pósítà lọ. Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì Màmá. Orúkọ yẹn ni tọmọdé tàgbà fi mọ̀ wọ́n, òun náà ni bàbá mi sì ní kí wọ́n kọ gàdàgbà sábẹ́ àwòrán wọn. Ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà tẹ ABEKE. Lẹ́yìn náà ó ya nǹkan róbótó kékeré méjì, ó tì wọ́n sábẹ́ E méjèèjì, ó wá fa àwọn ìlà kéékèèké lé orí fáwẹ̀lì bí bàbá mi ṣe ń pè é fún un: dò, dò, mí. Iṣẹ́ náà mọ́. Bàbá mi yìn ín.

Ẹ̀gbọ́n wọn àgbà ló dé lẹ́yìn, tí wọ́n ní orúkọ yẹn tín-ín-rín jù, pé òkú àgbà ni a fẹ́ sin, kì í ṣe òkú ọ̀fọ̀. Ọmọkùnrin náà kò jiyàn. Ó mú ọwọ́ lọ sí ìlà kan lápá ọ̀tún ojú kọ̀ǹpútà, ó fà á, lẹ́tà márààrún sì bẹ̀rẹ̀ sí í sanra lójú wa bí ẹni tó ń jẹ iyán láìsinmi. N kò rí irú rẹ̀ rí. Ẹnu yà wá débi pé kò sẹ́ni tó wo àwọn àmì. Ìgbà tí pósítà ti jáde, tí a ti lẹ díẹ̀ mọ́ ògiri, ni mo tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́tà ti fẹ̀, wọ́n ti sún sí ọ̀tún, àmọ́ àwọn àmì tí a fi ọwọ́ yà kò bá wọn sún. Àmì abẹ́ E kejì ti bọ́ sábẹ́ K, ti àkọ́kọ́ wà lábẹ́ B. Àmì ohùn orí wọn ti wọ inú ara lẹ́tà, ó wá dà bíi pé tàdáwà ló kán sí i.

Àwọn tó wá kẹ́dùn kà á, wọ́n sì mọ ẹni tó kú. N kò ní purọ́ pé ẹnikẹ́ni ṣìnà nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí olùkọ́ Yorùbá ń yọ máàkì mi bí mo bá gbàgbé àmì kan ṣoṣo, mo dúró níwájú ògiri yẹn, mo ń wo K tó ní àmì lábẹ́, lẹ́tà tí kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, nínú orúkọ ẹni tó kọ́ mi ní oríkì tèmi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yẹ irú lẹ́tà tó ń sanra yìí wò. Lámèyítọ́ ni mo ń ṣe níbí o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ti eré oníṣe tàbí ìtàn àròsọ.

Fọ́ǹtì ni àwọn oníṣẹ́ gíráfíìkì ń pe odidi ìdílé lẹ́tà tí a yà ní àṣà kan náà, láti A títí dé Y. Èyí tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, variable font ni wọ́n ń pè é nínú ètò kọ̀ǹpútà; fọ́ǹtì ayírapadà ni èmi yóò máa pè é. Kí a lè mọ ohun tó fi yàtọ̀, ẹ jẹ́ ká rántí Abẹ́òkúta tó wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, níbi tí Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní 1859. Òjé ni wọ́n fi ń ṣe lẹ́tà ìtẹ̀wé nígbà náà. Ẹyọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bó ṣe tóbi tó, bó ṣe sanra tó, ló ní òjé tirẹ̀ nínú àpótí. Bí òǹtẹ̀wé bá fẹ́ ẹ tó sanra, àfi kí ẹnì kan ti rọ ọ́ sílẹ̀; bí kò bá sí nínú àpótí, ó di àwátì. Kọ̀ǹpútà dé, kò sí òjé mọ́, àmọ́ àṣà yẹn kò lọ. Lẹ́tà títẹ́ẹ́rẹ́ ní fáìlì tirẹ̀, èyí tó sanra ní tirẹ̀, èyí tó dagun ní tirẹ̀.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, níbi ìpàdé àwọn oníṣẹ́ lẹ́tà ní Warsaw, olú-ìlú Poland, ni Adobe, Apple, Google àti Microsoft jùmọ̀ kéde pé fáìlì kan ṣoṣo lè gba gbogbo wọn. Illustrator àti Photoshop gbà á wọlé nínú ẹ̀dà 2018 wọn. CorelDRAW tí àwọn atẹ̀wé wa kò lè ṣe kó má lò gbà á ní 2020, Inkscape tí a kì í sanwó fún náà sì gbà á lọ́dún kan náà.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ju ìṣirò ọmọ JSS lọ. Lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà kì í ṣe fọ́tò. Àwọn ojúkò ni, tí ìlà so pọ̀ mọ́ra. Ẹni tó ń ṣe fọ́ǹtì yóò ya E tó rù jù, yóò tún ya E tó sanra jù, ojúkò kan náà ni yóò sì wà nínú méjèèjì. Ká ní òpó E fẹ̀ tó 20 nínú èyí tó rù, tó sì fẹ̀ tó 180 nínú èyí tó sanra. Bí mo bá fa ìlà náà dé àárín gbùngbùn, kọ̀ǹpútà yóò fi òpó náà sí 100. Gbogbo ibi tó bá wà láàárín 20 sí 180 ló ṣeé dúró sí. Kò pin sórí ìsanra. Àwọn fọ́ǹtì kan ní ìlà fún fífẹ̀ lẹ́tà, òmíràn fún dídagun rẹ̀.

Síbẹ̀, mo ní láti sọ pé ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun lójú ẹni tó bá ti rìn káàkiri Ṣàgámù. Ìjokù jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tó para pọ̀ di Ṣàgámù, a sì ṣì rí sáìnbọ́ọ̀dù tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kọ lára ògiri àti pátákó. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ á tẹ́ rẹrẹ, nígbà tí pátákó bá fẹ́ tán, àwọn tó kù á fún mọ́ra bí èrò inú dánfó. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wò wọ́n dáadáa. Bí lẹ́tà ṣe fún tó, bí òpó rẹ̀ ṣe nípọn kò yí padà, nítorí búrọ́ọ̀ṣì kan náà ló kọ ọ́. Àmì abẹ́ rẹ̀ náà, búrọ́ọ̀ṣì yẹn ló kán an sílẹ̀. Ó bá lẹ́tà mu láìsí ẹni tó ṣírò. Ohun tí ìlà fífẹ̀ inú fọ́ǹtì ayírapadà ń ṣe gan-an nìyẹn. Ohun tí kò sì ṣẹlẹ̀ nìyẹn nígbà tí ẹnì kan bá di etí lẹ́tà lásán mú lórí kọ̀ǹpútà tó fún un wọlé: òpó tó dúró á rù, èyí tó dùbúlẹ̀ á sanra bó ṣe wà, lẹ́tà á wá dà bí ẹni tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Ìdajì àwọn bánà ọjọ́ ìbí tí mo ń rí ló ní àìsàn yìí. Ti pé fọ́ǹtì ayírapadà wò ó sàn, mo gbóṣùbà fún un.

Ibi tí mo ti wá ń bá a ṣẹjọ́ ni orí àmì. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni mo fi ń dán fọ́ǹtì wò: Rẹ́mọ, Ìkẹ́nnẹ́, Ṣàgámù àti Awólọ́wọ̀. Mo fẹ́ràn èyí tó gbẹ̀yìn jù. Ìkẹ́nnẹ́ tí kò jìnnà sí wa ni wọ́n ti bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1909, orúkọ wọn sì ní ọ méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, àmì abẹ́ kan náà, àmì ohùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí w kan ṣoṣo dúró sáàárín. Fọ́ǹtì tó bá lè kọ orúkọ yẹn láti rírù dé sísanra láìjẹ́ pé àmì kan yẹ̀, mo gbà fún un.

Ọ̀pọ̀ ni kò lè ṣe é, ìdí rẹ̀ sì jinlẹ̀ ju àìbìkítà lọ. Gbogbo lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ló ní nọ́ńbà nínú ìwé ìkànìyàn ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Unicode. ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, 1EB9 ni. ọ ní tirẹ̀, ṣ náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Láti kọ ọ́, a ó kọ ẹ, a ó wá gbé àmì òkè, tí nọ́ńbà tirẹ̀ jẹ́ 0301, lé e lórí. Ẹni méjì ló ń gbé inú ohun tí olùkọ́ wa ń pè ní lẹ́tà kan. Àwọn ará Vietnam, tí àwọn náà ń fi àmì sórí àti abẹ́ lẹ́tà ABD, rí nọ́ńbà gbà fún gbogbo tiwọn pátá. Àjẹkù wọn ni àwa sì ń jẹ láìmọ̀: ẹni tó bá ṣe fọ́ǹtì fún èdè Vietnam ti ṣe ẹ àti ọ, torí àwọn lẹ́tà náà wà nínú èdè wọn. Àmọ́ wọn kò ní ṣ. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí bánà tí a kọ Ṣàgámù sí, tí Ṣ rẹ̀ kò jọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tó tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí tó dàgbà jù wọ́n lọ, ohun tó máa ń fà á nìyẹn. Kọ̀ǹpútà wá Ṣ títí nínú fọ́ǹtì náà, kò rí i, ló bá lọ yá a lọ́wọ́ fọ́ǹtì mìíràn.

Ti ẹ́ tilẹ̀ tún le ju ti ṣ lọ. Kí àmì tó lè jókòó dáadáa sórí ẹ, ẹni tó ṣe fọ́ǹtì gbọ́dọ̀ ti fi ojú ìdè kan tí a kì í rí sórí ẹ, kó fi ọ̀kan sí ìdí àmì náà. Ètò kọ̀ǹpútà yóò wá so méjèèjì pọ̀ bí ẹni ń ki bọ́tìnnì bọ ihò rẹ̀. Nínú fọ́ǹtì àtijọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni a ó gé ihò náà. Nínú fọ́ǹtì ayírapadà, ẹ̀wù ń tóbi, ẹ̀wù ń kéré. Ihò gbọ́dọ̀ máa bá a rìn. Ẹni tó yà á ní láti fi ojú ìdè sí E rírù, kó tún fi sí E sísanra, kó lè wà lára ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò. Bó bá gbàgbé, lẹ́tà á sanra, ojú ìdè á dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Mo ti rí fọ́ǹtì olówó gọbọi tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Rẹ́mọ dára nínú rẹ̀ nígbà tó rù. Nígbà tí mo fa ìlà dé òpin, àmì ohùn rì sínú orí ẹ bí ìgbà tí fìlà bá bo ènìyàn lójú.

Nínú àwọn tí mo dán wò, Noto Sans ti Google ni kò já mi kulẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Orúkọ rẹ̀ wá láti inú ìlérí pé kò ní sí tofu mọ́, ìyẹn àwọn àpótí òfìfo tí kọ̀ǹpútà ń yà síbi tí kò bá ti rí lẹ́tà. Ìlà ìsanra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 100, ó parí sí 900, a sì lè fún un wọlé títí ìwọ̀n fífẹ̀ rẹ̀ á fi di 62.5 nínú 100. Mo fa Awólọ́wọ̀ síwá sẹ́yìn nínú rẹ̀ títí ọwọ́ fi ń ro mí, àmì kankan kò sá kúrò lórí ọ. Ẹ̀sùn tí mo fi kàn án ni pé kò ní ìwà. Ó dà bí yunifọ́ọ̀mù: ó mọ́, ó bá gbogbo ènìyàn mu, kò sì sọ ọmọ ẹni tí ẹ jẹ́. Noto Serif, àbúrò rẹ̀ tó ní ìrù kékeré lẹ́sẹ̀, sàn díẹ̀ fún ìwé ẹ̀yẹ.

Òdìkejì rẹ̀ ni Danfo, tí Seyi Olusanya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Afrotype ṣe, tó wà lórí Google Fonts. Ara lẹ́tà tí wọ́n ń gé lẹ̀ mọ́ ara dánfó l'Ékòó ni wọ́n ti mú un, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ló sì ní ẹ̀ṣọ́. Fọ́ǹtì ayírapadà ni òun náà, àmọ́ ìlà rẹ̀ kì í mú lẹ́tà sanra, bí ẹ̀ṣọ́ ara lẹ́tà ṣe rí ló ń yí. Inú mi dùn sí i. Ó fi hàn pé kò di dandan kí ohun tó ń yí jẹ́ ohun tí àwọn ará Warsaw tàbí Kalifóníà rò fún wa, pé ènìyàn lè gbé ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ibùdókọ̀ sínú ìṣirò yẹn. N kò ní fi kọ orúkọ òkú ṣá. Ariwo rẹ̀ pọ̀ ju ilé ọ̀fọ̀ lọ.

Mo padà lọ bá ọmọkùnrin ilé ìtẹ̀wé nígbà ìsinmi. Mo ti mú ẹjọ́ lọ́wọ́, mo fẹ́ bá fọ́ǹtì tó lò jà. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí iṣẹ́ Màmá fún mi." Ó ṣí i. Mo ti tẹ Àbẹ̀kẹ́ sórí fóònù pẹ̀lú bọ́tìnnì Yorùbá inú Gboard, mo fi WhatsApp ránṣẹ́ sí i, a dà á sínú fọ́ǹtì kan náà gan-an tí ó lò nígbà yẹn. Ó fa ìlà. Àmì tẹ̀ lé lẹ́tà wọ́ọ́rọ́wọ́. Fọ́ǹtì yẹn kò jẹ̀bi. A kò fún un ní àmì rárá. Àwòrán róbótó ni a tò yí i ká, kò sì sí bí kọ̀ǹpútà ṣe fẹ́ mọ̀ pé lẹ́tà ló ni wọ́n.

Ojú tì mí díẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kì í fi í tẹ àmì. Ó ní, "Àbúrò, mo ti tẹ̀ ẹ́ rí tipẹ́. Àpótí ló ń gbé jáde. Bí kò bá gbé àpótí, àmì á lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́. Oníbàárà á ní kí n dá owó òun padà." CorelDRAW X7 tó jáde ní 2014 ló fi kọ́ṣẹ́, pẹ̀lú àwọn fọ́ǹtì tí a ti ń fi fúláàṣì kó láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ọ̀gá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé kí ó máa fi ọwọ́ ya àmì, ọgbọ́n gidi sì ni nígbà náà. Ohun èlò ti yí padà ní ọwọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé ọgbọ́n yẹn ti di àléébù.

Àwa oníbàárà ńkọ́? Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 la fi ń kọ́ wa ní kíláàsì. Síbẹ̀, mo ti rí bánà tí ilé ìwé kan gbé kọ́ sójú títì fún irú ìdíje tí a ń ṣe yìí: IDIJE AROKO, gàdàgbà, láìsí àmì kan. Àròkọ ni wọ́n ní lọ́kàn. Ẹni tó bá kà á ní àrokò lè máa wá owó ẹyọ àti ìyẹ́ tí yóò fi ránṣẹ́, ẹni tó bá sì kà á ní aroko lè gbé ọkọ́ wá. Nígbà tí mo bi olùkọ́ kan léèrè, wọ́n ní àwọn atẹ̀wé ló ní àmì máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Atẹ̀wé ní oníbàárà kì í bèèrè. Oníbàárà ní atẹ̀wé kò lè ṣe é. Àwọn tó ń ṣe fọ́ǹtì lókè òkun ń wo gbogbo wa, wọn kò rí ẹni tó ń ráhùn, wọ́n sì gbàgbé ojú ìdè wa. Bí mo ṣe ń pín ẹ̀bi nìyí, n kò sì yọ bàbá mi sílẹ̀, tó sanwó fún iṣẹ́ láì tún un wò, tàbí èmi tí mo dúró lẹ́yìn wọn tí mo ń wo lẹ́tà bí ẹni ń wo idán.

Ìrántí ọdún kan Màmá dé. Noto Serif ni a lò. Bọ̀dá jókòó, mo jókòó ti í. A fi ìsanra sí 700. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tún dé bí ìṣe wọn, wọ́n ní kí a jẹ́ kó sanra sí i, a fà á dé 820, àmì abẹ́ E méjèèjì sanra pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì wà níbi tí wọ́n yẹ kí wọ́n wà. Wàhálà tó kù ni pé àmì abẹ́ orúkọ òkè fẹ́ máa kan àmì ohùn orúkọ ìsàlẹ̀, a ní láti fi ọwọ́ ya ìlà méjèèjì sọ́tọ̀ díẹ̀. Ètò inú kọ̀ǹpútà tó ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá wọn ṣiṣẹ́ ti pẹ́ jù láti mọ fọ́ǹtì ayírapadà, nítorí náà a sọ gbogbo lẹ́tà di àwòrán kí a tó gbé e lọ síbẹ̀. Ìgbà tí mo fẹ́ yọ fúláàṣì mi, Bọ̀dá ní kí n jọ̀wọ́, kí n fi fáìlì fọ́ǹtì yẹn sílẹ̀ fún òun.